Àbúrò mi, ọkọ rẹ ti lọ sí Borno: ohun tí o máa ṣe láti ilé

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó ṣọ́jà kan wá jẹun ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ó lóyún oṣù mẹ́rin, ọkọ rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra lọ sí Maiduguri ní Borno, níbi tí wọ́n ti ń bá Boko Haram jà. Kò jẹ oúnjẹ ọ̀hún rárá, ó kàn ń fi ìka fa ewédú kiri inú abọ́. Nígbà tó yá, ó gbójú sókè, ó ní, "Mọ́mì, kí ni wọ́n ń rí níbẹ̀ gan-an tí wọ́n fi ń padà lọ? Ṣé kò síṣẹ́ mìíràn ni?" Èrò pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìdáhùn kúkúrú ni mo fún un. Èyí tó kù ni mo jókòó kọ yìí, fún òun àti fún ìwọ náà tí ọ̀rọ̀ kàn.

Ọdún 24 ni mo fi jẹ́ ìyàwó ṣọ́jà kí baálé mi tó fẹ̀yìn tì. Ó ti lé lọ́dún 16 tí mo ti ń ta àmàlà ní mámì máàkẹ́ẹ̀tì bárékè Òjòó, n'Íbàdàn, mo ṣì ń tà á títí di òní. Ṣọ́jà kì í rí ẹni tó ń bu ọbẹ̀ fún un. Bó bá jókòó ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ohun tí kò ní sọ létí ọ̀gá, tí kò sì ní sọ fún ìyàwó, á máa dà á sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò mi. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo kọ́ ìyókù nínú ilé ọkọ mi, àṣìṣe ló sì kọ́ mi ní apá kan.

Mọ ohun tó gbé e wọṣẹ́ náà

Bi í léèrè. Má bi í níwájú ìyá rẹ̀, má bi í níwájú ọ̀rẹ́, torí ohun tí àwùjọ fẹ́ gbọ́ ló máa sọ: á ní tìtorí Nàìjíríà ni. Kì í ṣe irọ́, àmọ́ ó ṣẹ́ kù. Dúró di alẹ́ ọjọ́ tó bá jókòó tó ń fi pólíìṣì pa bàtà rẹ̀. Bí ọwọ́ ọkùnrin bá ń ṣe nǹkan, ẹnu rẹ̀ máa ń tú.

O lè gbọ́ ohun tí o ò retí. Ebi ni mo gbọ́ jù. Ọmọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan wà tó kọ́ṣẹ́ káfíńtà, tó gba fìrídọ́ọ̀mù, tí kò sì rówó ra irinṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ fún un pé ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù ṣọ́jà. (Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́. Ẹni tó bá ní kí àbúrò rẹ mú owó wá kí òun tó bá a wọlé, jìbìtì ló fẹ́ lù ú.) Ó lọ sí Zaria, wọ́n fi nǹkan bí oṣù mẹ́fà gbò ó jìgìjìgì ní Dẹ́pò, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ṣọ́jà tuntun, ṣùgbọ́n ó ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, nígbà tó sì jáde, owó oṣù ń wọlé. Ó sọ ọ́ fún mi láìtijú pé oúnjẹ lòun tẹ̀ lé wọṣẹ́ náà. Àwọn kan máa ń fojú tín-ín-rín irú wọn, wọ́n á ní wọn kì í ṣe ológun tòótọ́. Ó máa ń dùn mí. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nígbà tí ebi kúrò nínú ọmọ yẹn, ọ̀rọ̀ mìíràn ráyè wọlé, mo máa tó débẹ̀.

Ti baálé mi, ẹ̀wù ni. Bàbá tó bí bàbá wọn wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ sí Bọ́mà nígbà ogun Hítílà, ní Dífíṣọ̀n 82. Bàbá náà gbé kóòtù ogun kan bọ̀, ó wúwo, idẹ ni bọ́tìnnì rẹ̀. Baálé mi sọ fún mi pé bí àwọn bá ti dé láti iléèwé, àwọn á wọ yàrá bàbá lọ, àwọn á máa fọwọ́ pa bọ́tìnnì yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà péré ló kù nínú mẹ́jọ. Nígbà tí wọ́n wá dé Zaria, tí wọ́n rí i pé Chindit lorúkọ bárékè tí Dẹ́pò wà, tí wọ́n sì gbọ́ pé láti ogun Bọ́mà ni wọ́n ti mú orúkọ náà, wọ́n ní ńṣe ló dà bí ẹni pé bàbá ti lọ dúró de àwọn níbẹ̀.

Ti ẹlòmíràn, ọ̀wọ̀ tí ará àdúgbò ń bù fún yunifọ́ọ̀mù ni. Ẹlòmíràn fẹ́ kí ìjọba kọ́ òun níṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí ti mẹkáníìkì. Èyí tó wù kí o gbọ́, má bá a jiyàn lé e lórí. Fi sọ́kàn, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ohùn rẹ̀ máa já lórí fóònù, wàá nílò rẹ̀. Nígbà tí baálé mi wà ní Borno, bí mo bá ti gbọ́ pé ohùn wọn ti rẹlẹ̀, mi ò ní sọ pé kí wọ́n ṣara gírí. Oríkì bàbá wọn àgbà ni mo máa ń kì. Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi, gbólóhùn méje péré ni mo mọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ kí n tó dé ìkarùn-ún, mo ti máa ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí kanlẹ̀.

Ohun tó mú un wọlé kọ́ ló ń dá a dúró

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn gba pásì, ìyẹn àyè láti wálé sinmi, fún ọjọ́ 14 lọ́dún kan. Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá, ó ti di báàgì. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e dé Ìbàdàn, ó wá bá mi tomijé-tomijé pé kí n bá òun dá a dúró lọ́jọ́ mẹ́rin tó kù, ṣebí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Mo pè é jókòó. Kò bá wa jiyàn. Ó fa ife igi ìtayín mọ́ra, ó yọ márùn-ún, ó tò wọ́n sórí tábìlì bí káfíńtà tó ń to pákó.

"Mọ́mì, àwa márùn-ún la wà nínú kòtò kan. Láti aago mẹ́jọ alẹ́ sí mẹ́fà ìdájí, wákàtí mẹ́wàá ni. Wákàtí méjì-méjì lẹnì kọ̀ọ̀kan fi ń ṣọ́nà kí àwọn yòókù lè sùn." Ó mú ẹyọ kan kúrò. "Èmi rèé, mo wà nílé, mò ń jẹ àmàlà. Ó ti di wákàtí méjì ààbọ̀. Aago méjì òru sí mẹ́rin ni tèmi, ìgbà tí oorun dùn jù. Ẹni tí wọ́n máa gbé e lé lọ́wọ́, mo mọ̀ ọ́n, ó lè sùn lóòró. Bó bá sùn, àwọn mẹ́ta tó kù lè má jí mọ́."

Ìyá rẹ̀ wo igi ìtayín mẹ́rin yẹn títí. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó ní kí n di ẹran díndín fún ọmọ òun, kí n dì í bí ti ẹni márùn-ún.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti jáwọ́ nínú bíbi ọkọ mi pé kí ló dé tí wọn ò fi fiṣẹ́ náà sílẹ̀. Nàìjíríà jìnnà sí ẹni tó wà nínú kòtò. Ẹni tó sùn tì í kò jìnnà, ó ń gbọ́ bó ṣe ń hanrun.

Wo orúkọ tí wọ́n fi sọ bárékè wa. Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, ọ̀gá ológun tó ń ṣàkóso ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà nígbà náà. Ní July 29, 1966, àwọn ṣọ́jà wá mú Ironsi, olórí ìjọba ológun, n'Íbàdàn, níbi tí Fájuyì ti gbà á lálejò. Ìtàn tí gbogbo wa bá nílé ni pé Fájuyì kọ̀, ó ní wọn ò lè mú àlejò òun lọ kí òun máa wò wọ́n. Wọ́n mú àwọn méjèèjì, wọ́n sì pa wọ́n. Nígbà tí àkọ́bí mi wà ní kékeré, tó bi mí pé ta ni Fájuyì, mo ní ẹni tí kò jẹ́ kí wọ́n mú àlejò òun nìkan lọ ni. Títí di òní, mi ò tíì rí àlàyé tó yé ọmọdé jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ohun tó ń mú ṣọ́jà dúró síbi tó yẹ kó ti sá.

Nítorí náà, mọ orúkọ àwọn tó wà nínú kòtò ọkọ rẹ. Ọ̀kan lè jẹ́ Tiv, ọ̀kan lè jẹ́ Ìgbò, òmíràn lè jẹ́ ọmọ Kánò. Bó bá pè, béèrè wọn lórúkọ: ṣé ẹsẹ̀ onítibí ti san, ṣé ìyàwó tọ̀hún ti bímọ. Ìwọ á gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe máa yí padà.

Bí o bá sì fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́, fi ohun tó ṣeé pín ránṣẹ́. Gààrí Ìjẹ̀bú, kúlíkúlí, ata gígún, ẹran díndín. Mo dín ṣinṣín ránṣẹ́ sí baálé mi nígbà kan, ọ̀rá kékeré kan péré, mo rò pé àwọn nìkan ló máa jẹ ẹ́. Wọ́n ní ńṣe làwọn kà á lẹ́yọ lẹ́yọ, mọ́kànlá-mọ́kànlá ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀bẹ làwọn sì fi gé méjì tó ṣẹ́ kù. Látìgbà náà, kí n tó gbé agbada kaná, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè pé, "Ẹ mélòó lẹ wà níbẹ̀ báyìí?" Bí iye tó bá sọ bá dín sí ti oṣù tó kọjá, má bi í lórí fóònù. Dì í bó ṣe sọ.

Owó tó ń fi ránṣẹ́

Ra ìwé ńlá kan. Kọ gbogbo ohun tí owó náà ṣe sínú rẹ̀, kí o sì máa jẹ́ kó fojú rí i. Nígbà tí a ń kọ́lé, bí búlọ́ọ̀kù bá ti já sílẹ̀, màá yà á ní fọ́tò. Bí mo bá sanwó iléèwé, màá ya rìsíìtì. Baálé mi ní àwọn máa ń fi fọ́tò páànù ilé wa han àwọn ẹgbẹ́ àwọn bí ẹni ń fi ọmọ tuntun hàn. Ẹni tó ń fẹ̀mí wéwu, tí owó rẹ̀ ń pòórá, tí kò mọ ibi tó wọlé sí, iṣẹ́ náà á sú u kíákíá. Àwọn ẹbí tó ń pè é ní tààrà pé kó fi owó ẹgbẹ́jọdá ránṣẹ́, bá wọn sọ ọ́ pẹ̀lẹ́tù pé ọ̀dọ̀ rẹ ni kí wọ́n máa gbà kọjá. Wọ́n á bínú. Jẹ́ kí wọ́n bínú sí ọ.

Nígbà tó bá pè

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ kì í dúró. Ìgbà kan wà tí ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá tí mi ò gbóhùn baálé mi. Bí ìpè bá wá wọlé, má fi owó ṣáájú ọ̀rọ̀. Sọ pé gbogbo ilé wà dáadáa, kí o wá sọ ohun kékeré kan tó lè rí lójú ara rẹ̀: pé adìyẹ ti pamọ, pé àbíkẹ́yìn ti hu eyín òkè. Ohun tó máa gbé padà sínú kòtò nìyẹn.

Ìròyìn tí kò dáa ńkọ́? Má fi pa mọ́. Mo fi pa mọ́ rí, mo sì jìyà rẹ̀. Ara ìyá ọkọ mi ò yá, èmi ń sọ pé ara wọn le, mo rò pé mò ń ṣàánú ni. Ẹ̀gbọ́n wọn kan ló pè wọ́n lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní bí wọ́n bá fẹ́ bá ìyá láyé kí wọ́n máa bọ̀. Ìyá ò kú, a dúpẹ́. Àmọ́ fún oṣù mẹ́rin gbáko, bí mo bá ti ní "gbogbo ilé wà dáadáa", wọ́n á dákẹ́, wọ́n á ní kí n gbé fóònù fún ọmọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ò tà lọ́dọ̀ wọn mọ́. Ẹkún tí mo sun lórí ọ̀rọ̀ yẹn ò kéré, torí ohun kan ṣoṣo tí mo lè fún wọn láti Ìbàdàn nìyẹn, mo sì fọwọ́ ara mi bà á jẹ́.

Sọ òótọ́. Àmọ́ jẹ́ kó jẹ́ ọ̀sán, kí ilẹ̀ tó ṣú, kí o sì sọ ohun tí o ti ṣe sí i mọ́ ọn: "Ara màmá ò yá, mo ti gbé wọn lọ sí ọsibítù, dókítà ti rí wọn, èmi ni mo wà lọ́dọ̀ wọn." Bó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀, ó lè sùn nígbà tó bá kàn án láti sùn.

Má gbé fọ́tò rẹ̀ nínú yunifọ́ọ̀mù sórí Facebook, má kọ ibi tó wà, má kọ ọjọ́ tó ń rìn. Kí ó tó gbéra, bi í bóyá orúkọ tó wà ní fọ́ọ̀mù next of kin rẹ̀ ṣì tọ̀nà. Mo mọ ẹni tó jẹ́ pé orúkọ tó kọ síbẹ̀ kó tó gbéyàwó ló wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n fi nílò rẹ̀. Kì í ṣe èpè láti béèrè. Baálé mi ní ọjọ́ tí àwọn tún tiwọn ṣe, ńṣe ló dà bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀ lórí.

Ohun tí agbára rẹ ò ká

Àwọn nǹkan kan wà tó ń pa ìfẹ́ iṣẹ́ náà, tí oríkì àti ṣinṣín ò lè tún ṣe. Ní September 2014, ilé-ẹjọ́ ológun dájọ́ ikú fún ṣọ́jà 12. Nígbà tó di December, wọ́n dá a fún 54 mìíràn. Ẹ̀sùn àwọn 12 ni pé wọ́n yìnbọn sí ọkọ̀ ọ̀gá wọn ní Maiduguri, lẹ́yìn tí ọ̀tá ti lúgọ pa àwọn ẹgbẹ́ wọn lójú ọ̀nà. Wọ́n ní àwọn 54 kọ̀ láti lọ gba ìlú padà, agbẹjọ́rò wọn sì ní ohun ìjà tí wọ́n fún wọn kò tó. Lọ́dún 2015, wọ́n yí ìdájọ́ ikú ṣọ́jà 66 padà sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10.

Mo rántí bí ṣọ́ọ̀bù mi ṣe rí nígbà náà. Wọ́n ń jẹun, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Àgbà kan nínú wọn ló wá sọ pé, "Ikú kọ́ ló ń dunni. Kéèyàn mọ̀ pé wọn ò ka òun kún ni." Mo gbà á gbọ́. Bí àláwánsì bá pẹ́, bí wọ́n bá gbàgbé èèyàn sójú kan fún ọdún méjì láìpààrọ̀ rẹ̀, bí òkú ẹgbẹ́ wọn kò bá rí ìsìnkú tó yẹ, ohun tó máa ń kú lára wọn nìyẹn.

Bí ọkọ rẹ bá ń ráhùn, gbọ́ ọ tán. Má fi ṣe yẹ̀yẹ́, má sì ta epo sí iná náà. Rán an létí pé òfin ológun gba ṣọ́jà láàyè láti gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ bá ọ̀gá tó ń pàṣẹ fún un, bí kò bá sì rójúùtù, kó gbé e lọ sókè. Ìwọ náà, ṣe ohun kan tí ọwọ́ rẹ tó. Gbogbo January 15, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí lọ́dún 1970, la máa ń ṣe ìrántí àwọn ológun tó kú. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kí àwọn opó lọ́jọ́ yẹn, ó tún di ọdún tó ń bọ̀. Lọ bẹ opó kan wò ní March, lọ bẹ̀ ẹ́ wò ní August, nígbà tí owó iléèwé ń bọ̀. Ọkọ rẹ á gbọ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á gbọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ìyàwó ẹni tó ti lọ ni ẹni tó wà láàyè fi ń mọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí tirẹ̀.

Nígbà tó bá wálé

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, má gba àlejò. Jẹ́ kó sùn. Bí o bá fẹ́ jí i, má fọwọ́ kàn án, dúró lẹ́nu ọ̀nà kí o pe orúkọ rẹ̀. Mo fọwọ́ kan baálé mi léjìká nígbà kan tí wọ́n ń sùn, àpá ibi tí mo ti fi ìgbọ̀nwọ́ gbá férémù ilẹ̀kùn ṣì wà lára mi. Wọ́n sunkún jù mí lọ lọ́jọ́ yẹn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi í pé èèyàn mélòó lo pa. Bí oṣù kan bá kọjá tí kò rí oorun sùn, tí ọtí ń pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí tí ń fò bí ilẹ̀kùn bá ti dún, ẹ lọ sí ọsibítù ológun, tàbí kí ẹ lọ sí Àrò l'Abẹ́òkúta. Má jẹ́ kí orúkọ Àrò dẹ́rù bà ọ́. Ẹni tí oorun ti dá lójú rẹ̀, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀, á sì padà sílé.

Bó bá fẹ̀yìn tì, má retí pé gbogbo rẹ̀ máa dúró lọ́jọ́ kan. Ọdún méjì rèé tí baálé mi ti wà nílé. Bó bá ti di aago méjì òru, wọ́n á dìde, wọ́n á gbé àga sí kọ́rídọ̀ níwájú yàrá àwọn ọmọ, ibẹ̀ ni wọ́n máa wà títí di aago mẹ́rin. Mo kọ́kọ́ ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n padà wá sùn. Mi ò bẹ̀ wọ́n mọ́. Kí n tó sùn, mo máa ń po tíì gbígbóná sínú fíláàsì, màá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àga náà pẹ̀lú ife méjì, torí àwọn òru kan wà tí èmi náà máa ń dìde.